Ìnujú Mẹ́fà Ìyá Funfun

Wọ́n ní Ìyá Funfun ti ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyẹn, láti ìdí ẹ̀rọ omi títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Wọ́n ní aṣọ tuntun, funfun báláú, ni Mátírọ́ọ̀nù kó lé e lọ́wọ́, òun wá lọ tà á fún ilé ìtura kan, ó ra àkísà tó ti ṣá, ó kó o fún wọn dípò. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ò rí i. Ẹni kejì ò béèrè. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ẹni kẹta, wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata sí i, wọ́n ní ó tilẹ̀ ti fi bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ilé wo? Ògiri kan ló pààlà èmi àti obìnrin yẹn, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Bó bá sín nínú yàrá rẹ̀, inú tèmi ni mo ti máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Bó bá ń kọ́lé, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?

Irọ́ ni, ẹ jẹ́ n tú u fún yín. Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní àmì tó ń fi sára aṣọ oníbàárà, kí ti lágbájá má baà lọ sílé tàmẹ̀dò. Ti ilé ìgbẹ̀bí, òwú pupa ni, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ní igun ọwọ́ òsì. Ìyá Funfun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gún un lọ́jọ́ tí aṣọ náà jáde nínú ọ̀rá. Mo fi ojú ara mi yẹ̀ ẹ́ wò. Òwú pupa wà níbẹ̀, mẹ́ta géérégé. Aṣọ tí wọ́n kó fún un náà ló dá padà. Ó kàn jẹ́ pé aṣọ náà dúdú lórí okùn ni, lójú gbogbo wa, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ alágbàfọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ̀kọ́ náà ò sì lọ́júpọ̀: se aṣọ funfun nínú agbá pẹ̀lú ọṣẹ títí á fi hó, ṣan án lómi mẹ́ta, fi búlúù díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, kí o sì sá a kí oòrùn tó yọ. "Aṣọ funfun tó bá rí ìrì kó tó rí oòrùn," bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń wí, "á funfun ju eyín ọmọ tuntun lọ." Ọmọ tuntun ò ní eyín, àmọ́ ẹ mọ ohun tí màmá náà ń sọ.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àkọ́bí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹta. Agbá àti ọṣẹ yìí náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Àwọn méjì ti lọ síbi iṣẹ́ wọn lókèèrè, àkọ́bí ọ̀hún sì ti di tíṣà, kò jìnnà sí wa. Ládùúgbò wa, bí èèyàn bá wọ aṣọ funfun tó ń tàn yanran, a kì í bi í pé níbo ló ti rà á. A máa ń ní, "Ìyá Funfun ló fọ̀ ọ́, àbí?" Iyì tó ní nìyẹn. Kò ní òmíràn, kò sì wá òmíràn.

Ilé ìgbẹ̀bí ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ogójì aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀, láìka aṣọ ìgbọ́mọ. Bó bá ń ká wọn, tó ń kọrin sí wọn, ẹ ó rò pé ọmọ ló ń pọ̀n. "Ìyàwó," ìyẹn ló ń pè mí títí dòní, bí mo tilẹ̀ ti rí ọmọ-ọmọ, "gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ yẹn, aṣọ mi ni ara wọn kọ́kọ́ kàn láyé."

Ìyípadà tó dé bá òpópónà wa ò dé lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ọgbà ni àwọn onítírélà kọ́kọ́ wá sọ di gáréèjì. Ìdájí ni wọ́n máa ń ta ọkọ̀, wọn á wá fi í sílẹ̀ kó máa kù tìì, wọ́n ní kó gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, alábúrẹ́dì mọ ààrò kejì mọ́ ti tẹ́lẹ̀, igi ló ń dá sí méjèèjì. Iná mànàmáná wá di àlejò tí kì í sùn mọ́jú, ni atẹ̀wé tó wà lódìkejì bá gbé jẹnẹrétọ̀ kan kalẹ̀ tó tó màlúù. Ní ti ààtàn tó wà lópin òpópónà, iná rẹ̀ kì í kú. Ẹnikẹ́ni ò gbà pé òun ló ń ṣáná sí i, ẹnikẹ́ni ò sì bu omi pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Funfun fẹ́ ká aṣọ lórí okùn, ó fi ìka kan fà á, ìlà dúdú gùn tẹ̀lé e bíi pé pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́. Ó nu ìka náà sára ìró, ó fi òmíràn fà á. Ìlà kejì.

Mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí ò pariwo. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀, torí ẹni tó bá pariwo mọ́ni, èèyàn á rí ẹnu fi dá a lóhùn.

"Ìyá, ẹ wo èyí," ló wí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ọkàn mi ò gbà á kí n tẹ́ ọmọ ọjọ́ kan lé e."

"Ẹ má bínú. Màá tún un fọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó tún un fọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wa ti ń dárúkọ iléeṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ fọṣọ. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lọ́wọ́ mi."

Ó tún un fọ̀. Ibi tó ń bí èèyàn nínú nìyí o. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó sọ búlúù di ìlọ́po méjì. Ó ṣan án lómi márùn-ún dípò mẹ́ta, títí ọwọ́ rẹ̀ fi hunjọ bí awọ àjẹkù. Aṣọ á jáde nínú omi ní funfun báláú, á gun okùn ní funfun báláú, ìgbà tó bá máa sọ̀ kalẹ̀, àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan àwo ló máa ní. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ olè bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gba ilé alábúrẹ́dì lọ. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni alábúrẹ́dì, ikùn rẹ̀ á ti dé ìta kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde.

"Alábúrẹ́dì, èéfín rẹ ń ba aṣọ mi jẹ́."

"Èéfín tèmi? Ìyá Funfun! Ẹ ò rí páìpù lórí òrùlé bó ṣe ga tó ni? Òkè ọ̀run ló ń lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i nílẹ̀, ẹ bi àwọn áńgẹ́lì, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dá a padà ni."

"Àwọn náà ò fẹ́ ẹ, ṣé o rí i?"

"Ẹ lọ bá àwọn onítírélà jàre. Tiwọn ló ń fàyà wọ́ nílẹ̀."

Ó dé gáréèjì. Ọ̀gá wọn níbẹ̀, Má-pa-á là ń pè é, torí gbogbo ìgbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ń ké mọ́ àwọn yòókù pé, "Má pa á! Má pa á!", kí wọ́n má pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá mi," ni Má-pa-á wí, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, "ẹ́ńjìnnì dà bí àgbàlagbà. Ẹ ò lè jí i lójú oorun kẹ́ ẹ ní kó máa sáré."

"Wákàtí kan gbáko lo fi ń jí i?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, wákàtí mélòó lẹ fi ń jókòó létí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó dìde?"

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Funfun ò rẹ́rìn-ín.

"Jẹnẹrétọ̀ atẹ̀wé ni kẹ́ ẹ lọ bá jà, Ìyá mi," ni Má-pa-á fi parí ẹ̀. "Tèmi ò ju wákàtí kan lọ. Tiẹ̀, ojoojúmọ́ ni, títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Atẹ̀wé ní ààtàn ni. Ààtàn ní tiẹ̀ ò ní ẹnu, kò rí ẹni tì í sí. Bí Ìyá Funfun ṣe rìn yí po nìyẹn, ó padà délé pẹ̀lú aṣọ dúdú kan náà tó gbé jáde. Kálukú wọn ló gbà pé èéfín wà. Kò sẹ́ni tó gbà pé òun ló bí i.

Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà wá kí i lọ́jọ́ náà, ó bá a níbi tó ti ń fi ìbínú fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí.

"Màámi, kì í ṣe ẹnì kan péré," ni ọmọ náà wí. "Nǹkan tó bá jó tí kò jó tán ló ń di ìyẹn. Igi ni o, epo dísẹ̀lì ni o, rọ́bà ni o, ìdọ̀tí ni o. Èédú ni, àmọ́ ó kúnná ju àtíkè lọ, ojú ò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan. Ìgbà tó bá kóra jọ sára nǹkan tútù la tó máa ń rí i. Èyí tí a ò rí, à ń mí in sínú."

"Ti inú àyà mi, mi ò sá a sórí okùn fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni wọ́n ń dá padà fún mi. Ta ló ni èyí tó wà lára aṣọ?"

"Mi ò lè mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Èmi á mọ̀ ọ́n."

Ó gbé aṣọ funfun kan tó ti fi pamọ́ tipẹ́ jáde, ó gé e sí ìnujú mẹ́fà, ó ṣẹ́ etí wọn. Ó fọ̀ wọ́n nínú yàrá, inú yàrá náà ló ti sá wọn gbẹ, fèrèsé ní títì. Lẹ́yìn náà, ó fi àmì sí wọn bí àmì oníbàárà. Òwú yẹ́lò ni ti alábúrẹ́dì, búlúù ni ti onítírélà, àwọ̀ ilẹ̀ ni ti atẹ̀wé, dúdú ni ti ààtàn. Ó fi òwú àwọ̀ ewé sí ìkarùn-ún, ó ní èyí á wà ní ẹ̀yìnkùlé òun, níbi tí òun kì í fi èéfín da ẹnikẹ́ni láàmú, kí òun lè mọ bí afẹ́fẹ́ lásán ṣe rí. Ìkẹfà ò ní òwú. Inú àpótí ló fi í sí, kó lè fi wé àwọn yòókù.

"Ìyàwó," ó wí fún mi, "olè tó jí funfun aṣọ mi, funfun aṣọ náà ni màá fi mú un."

A jọ lọ so wọ́n ni. Ó kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú omi, torí aṣọ tútù ló ń mú un, ó so ọ̀kan sí ìgànná alábúrẹ́dì, ọ̀kan sí ọgbà gáréèjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alábúrẹ́dì rí wa, ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń sá aṣọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí ni?" Ìyá Funfun ní, "Dúró, wàá gba aṣọ rẹ."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a lọ kó wọn jọ. Ó yọ ìkẹfà nínú àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó to àwọn yòókù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí èyí tó mọ́. Ti alábúrẹ́dì ti pọ́n bí omi èèpo igi. Ti onítírélà dúdú, ó tún ń rùn. Ti atẹ̀wé, àfi bíi pé wọ́n fi nu páànù ìdáná. Ti ààtàn kún fún eérú. Ó ń tò wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń to ẹlẹ́rìí, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ti ń sọ bí òun ṣe máa kó wọn lọ bá Mátírọ́ọ̀nù. Ó wá kan ọ̀kan tó dúdú ju gbogbo wọn lọ. Ó yí igun rẹ̀ padà láti wo òwú.

Òwú àwọ̀ ewé.

Ó tún un yí. Ó gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Ó ní bóyá èmi ni mo ṣì í so. Mi ò ṣì í so. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló wà láti ọjọ́ kìíní, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí agbá tó fi ń se aṣọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí àwọn kan ti fi èyí náà sọ ìsọkúsọ. Ní ayé ìyá rẹ̀, igi gbígbẹ ni wọ́n ń dá sábẹ́ agbá, iná rẹ̀ á mọ́ lóló. Nígbà tó yá, oníigi gbígbẹ kó kúrò ládùúgbò, igi tútù ló kù. Igi tútù ò gbaná. Ìyá Funfun wá kọ́ láti máa gé rọ́bà inú táyà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á fi dáná sí i. Ìdájí ló máa ń ṣe é. Bí iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe rí, bó bá ti sá ìpín kìíní sórí okùn, ó tún ń kó ìpín kejì sínú agbá. Aṣọ tútù, ìdájí tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá, rọ́bà tó ń jó, ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń kùn ún.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò ní sọ."

 Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ìlérí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó ń wá pẹ́ẹ̀gì.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Màá sá gbogbo ẹ̀ síwájú ilé. Bí mo bá fi tèmi pamọ́, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti alábúrẹ́dì?"

Tiẹ̀ ló kọ́kọ́ so, níbi tí ẹni tó ń kọjá ò ti lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó so tàwọn yòókù tẹ̀lé e, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé, "Òwú àwọ̀ ewé yìí, èmi ni. Rọ́bà tí mo ń jó ni. Mo ti jáwọ́. Yẹ́lò, alábúrẹ́dì ni. Búlúù, gáréèjì ni. Ẹ wò ó dáadáa."

Ẹ gbọ́ mi, bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyí. Márùn-ún wà lórí okùn, ẹyọ kan ni wọ́n rí.

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ o!" ni alábúrẹ́dì ń ké, ó ń lu ikùn. "Òun ló ń ba aṣọ ara rẹ̀ jẹ́ tó ń wá dà mí láàmú!"

"Tìrẹ wà níbẹ̀, alábúrẹ́dì. Wo òwú yẹ́lò."

"Tèmi kéré sí ti yín!"

"Mo ti pa tèmi. Ìgbà wo lo máa pa kékeré tìrẹ?"

"Ìgbà tí àwọn onítírélà bá pa tiwọn."

Ìyá Funfun wo èmi, mo wo òun. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a tún wà yẹn.

Ó pa tiẹ̀ lóòótọ́. Kò fi rọ́bà dáná mọ́. Ó kan àgbékà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orí rẹ̀ ló ń sá igi sí títí á fi gbẹ kó tó dá a. Ó jáwọ́ nínú àṣà ìyá rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù: kò sá aṣọ ní ìdájí mọ́. Ó ń dúró di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tí ọkọ̀ sì ti jáde tán. Má-pa-á náà yí ìdí àwọn tírélà kúrò lápá ibi tí okùn wa wà. Ó ní, "Torí tiyín ni o, Ìyá mi. Kì í ṣe pé mo gbà." Àwọn yòókù ò ṣe nǹkankan.

Aṣọ náà mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n kò mọ́ tán, ẹni tó sì mọ funfun Ìyá Funfun látijọ́ á mọ̀ pé kì í ṣe òun nìyẹn. Mátírọ́ọ̀nù dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ ti gbìyànjú gan-an, Ìyá," ló wí. "Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni…" Láti ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́tò iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ ló ń wá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí, ó ń kọjá níwájú ilé wa bíi pé kò mọ̀ wá rí. Okùn Ìyá Funfun wá di ti aṣọ iléèwé àti ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́. Ó ń fọ̀ wọ́n. Kò kọrin sí wọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ dún, a jọ wà nílẹ̀ à ń ṣẹ́ aṣọ. Mátírọ́ọ̀nù ni. Ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete. Ó ní aṣọ tí ẹ̀rọ ń fọ̀, inú ilé ni wọ́n ti ń mú un gbẹ, inú ọ̀rá ló ń wà dé ọ̀dọ̀ wọn, funfun báláú. Ó ní bí wọ́n bá ti kó o sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méjì, bó ṣe ń dúdú ní ọ̀dọ̀ Ìyá náà ló ń dúdú. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ṣé Ìyá lè wá kó aṣọ wọn padà.

"Pẹpẹ yẹn, ibo ló wà?" ni Ìyá Funfun bi í.

"Lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn ni."

"Kí ló wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn?"

Ohùn Mátírọ́ọ̀nù wálẹ̀. "Jẹnẹrétọ̀ wa ni, Ìyá."

Mo rò pé á fò sókè. Mo rò pé á ní kí n wá bá òun jó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní òun á pè é padà, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti bó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí àpótí, ó mú ìnujú kẹfà jáde, èyí tí kò ní òwú, tí kò tíì rí ìta rí. Ó wá abẹ́rẹ́, ó fi òwú pupa gún un lójú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ní igun ọwọ́ òsì, àmì ilé ìgbẹ̀bí, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, bá mi mú un lọ fún wọn," ló wí. "Sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé kó rẹ ẹ́ sómi, kó so ó mọ́ fèrèsé yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá dúdú, kó má fọ̀ ọ́ o. Kó gbé e fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pa tiwọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa wá kó aṣọ."